Oró

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe ara ní jàǹbá ni Yorùbá ń pè ní májèlé. Ẹnu ni májèlé sábà máa ń gbà wọlé: ẹni kan jẹ ẹ́ tàbí ó mu ún. Oró kì í dúró de kí a jẹ òun. Ejò ní in, àkekèé ní in, agbọ́n ní in, àwọn ọdẹ sì ń fi í sẹ́nu ọfà. Ojú ọgbẹ́ ló ń gbà. Ẹni tó bá sì ń fìyà jẹ ọmọnìkejì rẹ̀, a ní ó ń dá a lóró. Ìrora àti ohun tó ń fà á ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ìgbín òkun kan ló mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Kambolé wa, ní gúúsù Tchamba lẹ́bàá ààlà Benin, jìnnà sí etíkun Tógò púpọ̀, síbẹ̀ karawun inú òkun kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Kí ni owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa fi ń ná ọjà, bí kì í bá ṣe karawun ìgbín òkun? Ìgbín tí mo ń sọ, Conus, yàtọ̀ sí èyí. Karawun rẹ̀ rí ṣóńṣó bí òkòtó tí ọmọdé ń ta. Ọdẹ ni. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ ekòló òkun, àwọn kan ń jẹ ìgbín ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn díẹ̀ sì ń jẹ ẹja.

Báwo ni ìgbín ṣe ń mú ẹja? Ehín rẹ̀ ló di ọfà: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ihò wà nínú rẹ̀ láti ìdí dé orí, ìwọ̀ sì wà létí rẹ̀. Ìgbín á na ẹnu rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, á ta ẹja, oró á gba inú ehín wọlé, ẹja á sì le gbandi láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Títa gan-an ló ń ta á. Ejò ń ṣán ni, ajá ń bu ni jẹ, ṣùgbọ́n àkekèé ń ta ni, ọdẹ ń ta ọfà, ata ń ta ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí, “ta”, gba iṣẹ́ ìgbín náà tán, mi ò sì rí òmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Baldomero Olivera, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Philippines, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Conus geographus nílé, nítorí ìgbín yẹn ti pa ènìyàn rí. Nígbà tó dé Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, J. Michael McIntosh, yọ èròjà kan nínú oró Conus magus. Ámínò ásíìdì 25 péré ló wà nínú èròjà yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń dí ojú ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ. Bí ojú ọ̀nà bá dí, ìròyìn ò dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn tó ń jẹ́ ziconotide. A kì í gbé e mì. Ẹ̀rọ kékeré ló ń kán an sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, fún àwọn tí ìrora wọn le débi pé oògùn mìíràn ò ràn án mọ́. Ó lè da orí aláìsàn rú, àmọ́ kì í di bárakú bí morphine.

Àwọn àgbà ní fífi oró ya oró ni kì í jẹ́ kí oró tán. Láàárín ènìyàn méjì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú ara aláìsàn, oró ìgbín ló ń lé oró ìrora lọ.

Èdè wa sì ní orúkọ fún ohun tó ń ṣẹ́gun oró: aporó, ohun tó ń pa oró. Èyí kan Kambolé ju ìgbín òkun lọ. Ejò Echis ocellatus, paramọ́lẹ̀ kékeré inú pápá, wà káàkiri ẹkùn wa. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tí ejò yìí bá ṣán lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láti èrìgì. Láti ìgbà Albert Calmette, dókítà ọmọ Faransé, ni wọ́n ti ń fún ẹṣin ní oró ejò díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí aporó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó dùn mí pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe FAV-Afrique, aporó tó dára fún ejò ilẹ̀ Áfíríkà, dá a dúró ní ọdún 2014 nítorí kò mówó wọlé. Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì.

Conus ermineus, tó ń ta ẹja, wà ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa, Lomé àti Kara pẹ̀lú, máa wá ohun tó wà nínú oró rẹ̀ àti nínú oró ejò wa. Ẹ̀yin ará oko ní tiyín, bí ejò bá ṣán ènìyàn, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ má jẹ́ kó máa rìn. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchamba tàbí Sokodé, kí ẹ sì béèrè aporó.