Ìkòkò mélòó ló wà nílé yín? Ìtàn bí wọ́n ṣe ń kà wá ní Àgbàdo

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jókòó. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn ní Àgbàdo àti ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Ẹ má sá lọ o, kì í ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Iye tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé a jẹ́ wà lára ohun tó ń sọ iye owó tó máa kàn wá àti bí ohùn wa ṣe máa rinlẹ̀ tó. Ó gùn díẹ̀, ẹ mú omi dání.

2. Àkọ́kọ́ ná, Àgbàdo wo? Tóo bá sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé Àgbàdo lò ń lọ, ó lè bi ẹ́ pé ti Èkó àbí ti Ògùn. Ibùdókọ̀ rélùwéè Àgbàdo wà lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀. Àgbàdo/Òkè-Odò wà ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó. Èmi lè gbé omi tíì kaná ní Ògùn, kí n sáré lọ ra búrẹ́dì ní Èkó, kí n padà kó tó hó.

3. Ọdún 1901 ni rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn. Ó gba Agége, Àgbàdo, Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá. Oko ló pọ̀ lágbègbè yìí nígbà yẹn. Àwọn Àwórì ló tẹ ọ̀pọ̀ ìlú Alímọ̀ṣọ́ dó. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ àdúgbò: Abúlé-Ẹ̀gbá. Ẹni tó pe ibẹ̀ ní abúlé ò rò ó rárá pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ á gba wákàtí méjì lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀.

4. Kó tó di 1967, apá méjèèjì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Ní May 1967, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà àti àwọn abúlé tó wà lábẹ́ ẹ̀ bọ́ sí Èkó. Ní February 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Bí àwọn tó jọ ń ná ọjà kan náà ṣe di ará ìpínlẹ̀ méjì nìyẹn.

5. Àwọn èèyàn wá ń ya wọlé. Ìjọba kọ́ Gowon Estate àti Shagari Estate. Jákàńdè, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, kọ́ ti Abẹ́sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ò dé inú estate kankan. Owó ilé Mushin, Súrùlérè àti Agége ló lé wọn jáde, wọ́n ra ààbọ̀ pùlọ́ọ̀tì, wọ́n ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kódà olórin fújì Kollington Àyìnlá fi Alágbàdo ṣe ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bọ́ọ́lẹ̀ ní "Kollington bus stop", òun ni wọ́n fi sọ orí ibẹ̀ o.

6. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ kíkà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Nígbà tí òyìnbó sì dé, owó orí tún kún ẹ̀rù náà: ẹni tó bá wá bi ẹ́ pé ọkùnrin mélòó ló wà nílé, ó lè jẹ́ owó ló fẹ́ gbà. Nítorí náà, èèyàn á dín in kù.

7. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà. Iye èèyàn di agbára òṣèlú, olúkúlùkù fẹ́ kí tiẹ̀ pọ̀. Wọ́n ka èèyàn ní 1962, ìjà bẹ́, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún un kà ní 1963. Wọ́n ka ti 1973, wọ́n fagi lé ìyẹn náà. Ó di 1991 kí wọ́n tó rí òmíràn lò. Lẹ́yìn náà ni ti 2006.

8. March 21 sí 27, ọdún 2006. Wọn ò béèrè ẹ̀yà, wọn ò béèrè ẹ̀sìn, torí pé méjèèjì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, àjọ NPC ní Nàìjíríà jẹ́ 140,431,790. Kánò jẹ́ 9,401,288. Èkó jẹ́ 9,113,605. Alímọ̀ṣọ́ nìkan jẹ́ 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní Èkó tó tó o.

9. Ìjọba Èkó ní irọ́ ni. Àwọn náà ti ka tiwọn: 17,552,942 fún gbogbo Èkó, 2,047,026 fún Alímọ̀ṣọ́. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 769,312 èèyàn, ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan! Ní ìkànìyàn NPC yẹn kan náà, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ jẹ́ 524,837. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n ń jà lé lórí pọ̀ ju odindi Ìfọ̀ lọ.

10. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá gbèjà ẹnì kankan. Ìjọba tó bá ń ka ara ẹ̀, ó ní ìdí tó fi fẹ́ kí ó pọ̀. Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé báwo lèèyàn ṣe ń ka àdúgbò bíi tiwa gan-an? Torí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí: ilé.

11. Fún bàbá bàbá wa, ilé ni agbo ilé: bàbá, àwọn ìyàwó, àbúrò, ọmọ, ọmọ ọmọ. Fún lándíọ̀dù, ilé ni bíríkì àti páànù. Fún olùkànìyàn, kò sí èyí tó kàn án nínú méjèèjì. Ohun tó ń wá ni àwọn tó jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà.

12. Ẹ wá gbé ìyẹn lọ sí ilé face-me-I-face-you. Ilé tí mo dàgbà sí ní yàrá méjìlá, ilé ìdáná kan, géètì kan. Lójú títì, ilé kan ni. Tóo bá ka ìkòkò, mọ́kànlá ni. Yàrá kan jẹ́ ti ìyá àgbà, ọmọ ẹ̀ tó ti gbéyàwó wà ní yàrá kejì, àmọ́ ọbẹ̀ ìyá ni gbogbo wọn ń jẹ. Yàrá mìíràn, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, wọ́n ń jáde ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Ta ló máa dáhùn fún wọn?

13. Ní 2006, ìkòkò tí NPC kà ní Èkó jẹ́ bíi 2.2 mílíọ̀nù. Ẹ pín èèyàn sí i, ó máa jẹ́ nǹkan bí èèyàn mẹ́rin lórí ìkòkò kan. Ní gbogbo Nàìjíríà, ó sún mọ́ márùn-ún. Nítorí náà, tí olùkànìyàn bá wo géètì wa, tó kọ ìkòkò mẹ́ta sílẹ̀ tó sì kọjá lọ, ó ti fi èèyàn bí ọgbọ̀n sílẹ̀. Àdúgbò wa mélòó ló ní irú ilé bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

14. Kí ló kàn wá? Ẹ gbà iye NPC, èyí tó kéré jù. Alímọ̀ṣọ́, 1,277,714: aṣojú kan ṣoṣo nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Erékùṣù Èkó, 209,437: aṣojú méjì. Ẹ ṣírò ẹ̀. Aṣojú wa ń gbé ẹrù èèyàn tó ju ìlọ́po méjìlá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn lọ.

15. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó méjì. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, 117,481 ní 2006, méjì. Alímọ̀ṣọ́, méjì. Owó tí wọ́n ń pín láti Àbújá náà, ìdá 30 nínú 100 ló ń tẹ̀ lé iye èèyàn. Ìdá 40 jẹ́ ọgbọọgba: ìjọba ìbílẹ̀ tó tóbi àtèyí tó kéré, iye kan náà.

16. Èkó gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní 2003, lábẹ́ Tinubu, wọ́n fi 37 kún 20, wọ́n gé Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà. Bí Àgbàdo/Òkè-Odò ṣe di LCDA nìyẹn. Ọbásanjọ́ bínú, ó dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní December 2004, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró, àmọ́ àwọn tuntun náà ò tíì pé títí ilé aṣòfin Àbújá yóò fi fọwọ́ sí i. Ayé Yar'Adua, ní 2007, ni owó náà tó jáde.

17. Títí dòní, orúkọ Àgbàdo/Òkè-Odò ò sí nínú 774 tó wà nínú ìwé òfin 1999. Kánò ní 44 níbẹ̀, Èkó ní 20. Ohun tó sì ń dùn mí nìyí: tóo bá pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà dọ́gba, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ bíi 213,000. Ìyẹn ju odindi Erékùṣù Èkó lọ.

18. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìkànìyàn yẹn, December 26, 2006, páìpù epo bú gbàmù ní Abúlé-Ẹ̀gbá. Àwọn olè ti lu páìpù, àwọn ará àdúgbò wá ń gbọ́n epo. Ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Iye tí wọ́n ń kéde ò bára mu, torí ọ̀pọ̀ jóná débi pé kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀, wọ́n sì sin wọ́n pọ̀. Lọ́dún kan náà, wọn ò fẹnu kò lórí iye àwa tó wà láàyè, wọn ò sì fẹnu kò lórí iye àwọn tó lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

19. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ààlà. Ìkànìyàn 2006 ń ka èèyàn síbi tí wọ́n bá a. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tó ń ná owó ẹ̀ ní Èkó, tó bá wà nílé ẹ̀ lódìkejì, ti Ògùn ni. Ẹ sì wo reluwéè Red Line ti ìjọba Èkó, tí wọ́n ṣí ní February 2024: Oyíngbò sí Àgbàdo. Ó parí sórí ilẹ̀ Ògùn! Reluwéè mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń sùn. Ìwé ìkànìyàn nìkan ni ò tíì mọ bó ṣe máa kọ ọ́.

20. Wọ́n ní àwọn máa ka èèyàn ní May 2023. Ó ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sún un síwájú. Nítorí náà, iye 2006 ni wọ́n ṣì ń gbé kiri. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti tó dìbò. Àdúgbò tó jẹ́ igbó nígbà yẹn ti ní transformer, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, mọ́sálásí méjì àti ẹgbẹ́ lándíọ̀dù tó ń jà.

21. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ lándíọ̀dù nìkan. Ẹ sọ fún màmá, ẹ sọ fún àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òótọ́ ni. Àmọ́ tí ọlọ́mọ ò bá ka tiẹ̀, ẹlòmíràn máa kọ iye tó wù ú.

22. Ó tán. Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: géètì yín kan, ìkòkò mélòó ló wà nínú ẹ̀? Ẹ kọ àdúgbò náà o, ẹ má kọ àdírẹ́sì.