Ẹ̀jẹ̀ Tí A Fi Tọrẹ

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, kò jìnnà sí Ìpara Rẹ́mọ. Bí ọkọ̀ bá dànù níbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè gbà á là.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù. Àwọn kan ní ẹni tí a gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kò ní lókun mọ́. Àwọn mìíràn ń fura sí oògùn owó. Èmi kò bú wọn. Àwọn òyìnbó pàápàá bẹ̀rù nígbà kan: ẹlòmíràn a gba ẹ̀jẹ̀ a yè, ẹlòmíràn a gbà á a kú, títí Karl Landsteiner ti ìlú Vienna fi hàn ní 1901 pé oríṣiríṣi ni ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní London ní 1921. Percy Oliver, òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa, bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn tí a lè pè lọ́sàn-án tàbí lóru láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, láìgba kọ́bọ̀. Aláìsàn kò tí ì sí, olùtọrẹ ti wà! Ní tiwa, ìgbà tí ìbátan bá ti dùbúlẹ̀ tán ni a sábà ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri: ẹ̀gbọ́n ń wojú àbúrò, àbúrò ń wo ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó bíi lítà 5; èyí tí a ń gbà kò tó ìdajì lítà, ara a sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí o kò bá tí ì pé ọmọ ọdún 18, a kò ní gba tìrẹ. Bi bàbá àti ìyá rẹ léèrè lálẹ́ òní bóyá wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára wọn.