Ọ̀rọ̀nṣẹn, Ayaba Ọ̀wọ̀ Tó Di Òrìṣà

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ọya rí, ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹn kò ní ṣàjèjì sí i. Ọya, obìnrin oníjì, aya Ṣàngó, jagunjagun tí kì í sá fógun. Ìtàn kan sọ pé ẹfọ̀n ni ó jẹ́ kó tó di ìyàwó ọdẹ. Ó bọ́ awọ rẹ̀ sínú igbó, ọdẹ rí i, ó gbé awọ náà pamọ́, ó sì mú un relé. Àwọn ìyàálé gbọ́ àṣírí yìí, wọ́n fi ń bú u, títí ó fi wá awọ rẹ̀ rí, tó padà di ẹfọ̀n.

Ní Ọ̀wọ̀, ààfin ọba ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn, ọba Ọ̀wọ̀ tí ìtàn ìlú fi sí ọ̀rúndún kẹrìnlá, fẹ́ Ọ̀rọ̀nṣẹn, obìnrin tó ju ènìyàn lásán lọ, ọrọ̀ sì wọlé ọba. Èèwọ̀ mẹ́ta ló ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ẹrù igi oko sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Owú àwọn ìyàwó ọba yòókù kò pẹ́ kó tó ru. Ọba jáde lọ, àwọn orogún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo èèwọ̀ náà níṣojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀nṣẹn dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba lé e títí dé Igbó Olúwa, ó ní òun kò padà mọ́. Ọ̀já orí rẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní Ugbó Lájà ló ti di òkúta, ó sì ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa rúbọ sí òun lọ́dọọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára jù nìyí. Lọ́dún 1971, Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, gbẹ́ ilẹ̀ Ugbó Lájà. Ère amọ̀ ló bá níbẹ̀: orí ènìyàn tí ojú rẹ̀ jọ ti ère Ifẹ̀, ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn, àti oríṣiríṣi ohun tó fi ìrúbọ hàn. Àyẹ̀wò èédú tó wà níbẹ̀ tọ́ka sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Eyo so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹn. Ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń dárúkọ nínú ìtàn ni ilẹ̀ tó pa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wọn mọ́. Àwọn ère náà tún fi hàn bí Ọ̀wọ̀ ṣe dúró láàárín Ifẹ̀ àti Ìbíní.

Nítorí Ọ̀rọ̀nṣẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe ọdún Igogo, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko nínú oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ará àdúgbò Ìlóro ló ń fi ìwọ́de Upeli bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ìlù kò gbọdọ̀ dún, ìbọn kò gbọdọ̀ dún, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a di irun bí obìnrin, a wọ aṣọ ìlẹ̀kẹ̀, iyùn a bo ọrùn àti àyà rẹ̀, àwọn ìjòyè a sì múra bí tirẹ̀. Ọba aládé á wá jó nínú ọjà, lójú gbogbo ìlú, nínú aṣọ ayaba tí ààfin ṣẹ̀ nígbà kan.