Ológò Àtijọ́ àti Òfin Owó Yíyá

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, gbèsè ní ojú méjì: èlé ni ọ̀kan, ẹ̀sín ni èkejì. Èyí èkejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣe àlàyé iṣẹ́ ológò. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò sanwó, ológò a lọ jókòó tì í nílé, a máa pariwo, a sì máa pa ẹran ọ̀sìn tí ó bá rí nínú agbo ilé jẹ. Ìyọnu náà a kan gbogbo ará ilé títí wọn yóò fi rọ onígbèsè láti san án. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlú ni í fún ológò láṣẹ.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣe òfin àwọn ayánilówó ní 1938, èlé ni wọ́n fi ìwọ̀n sí. Lóde òní, ológò ti wọ inú tẹlifóònù: àwọn ayánilówó kan a máa ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ onígbèsè pé olè ni. Ta ló fún wọn láṣẹ? Ní 2022, FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà, pàṣẹ pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Òfin rẹ̀ ti 2025 sì fi ìtanràn tó lè tó 100 mílíọ̀nù náírà lé e.

Mo gbà pé ọ̀nà àwọn baba wa ni òfin yìí ń tọ̀. Àwa tí a ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, kò yẹ kí á fi ẹ̀sín sílẹ̀ fún ẹni tí ìlú kò mọ̀.