Àwọn òṣèré inú Jagun Jagun àti ogun tí a mọ̀ ní Èkìtì

Láti ìgbà tí fíìmù Jagun Jagun ti jáde lórí Netflix, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé, "Prof, ta ló ṣeré jù níbẹ̀?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òpìtàn ni mí, n kì í ṣe adájọ́ eré. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n mú òṣèré kọ̀ọ̀kan, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ogun tó jà ní ilẹ̀ wa gan-an, pàápàá ní apá ibi tiwa yìí, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó. Bí ẹ bá rí i pé mo yin ẹnìkan ju bí ẹ ṣe rò lọ, ibi tí mo dúró sí wò ó ló fà á.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, ìtàn náà kò díjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Gbọ́tìjà, fẹ́ di jagunjagun. Ó lọ sí ibùdó Ogundìjì, ọ̀gágun tí gbogbo ilẹ̀ ń wárìrì fún, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní iṣẹ́ ogun. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi rí i pé ọmọ tuntun yìí ní ohun kan tí òun kọ́ ni òun fún un. Inú ọ̀gá kò dùn sí i mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtimú un kúrò lójú ọ̀nà. Ìfẹ́ tún wọ àárín Gbọ́tìjà àti Kìtán, ọmọ Ogundìjì fúnra rẹ̀. Adébáyọ̀ Tìjání àti Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ Sàlámì ló darí fíìmù náà. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló gbé e jáde, òun náà ló sì ṣe Ogundìjì.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Ogundìjì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀gágun burúkú ni kó máa pariwo. Ṣùgbọ́n inú agbo eléré ni wọ́n bí Fẹ́mi Adébáyọ̀ sí, Adébáyọ̀ Sàlámì tí gbogbo wa mọ̀ sí Ọ̀gá Bello ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ariwo máa ń tètè sú òǹwòran. Lójú tèmi, ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ti dẹ́rù bà mí jù. Ohun mìíràn tó ṣe tó wù mí ni pé ó jẹ́ ká rí ìdí tí ọmọkùnrin yóò fi fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò lọ máa sin irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìkà ni, ṣùgbọ́n ó dùn ún tẹ̀ lé. Bí òṣèré kò bá lè fi ìyẹn hàn, a jẹ́ pé kò tíì ṣe olórí ogun rárá.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ wo Ayédé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ lónìí. Ní àárín ọ̀rúndún 19, nígbà tí ogun àwọn Nupe àti ti Ìlọrin ń fọ́ ìlú káàkiri àríwá Èkìtì, Èṣùbíyìí kó àwọn ará Iye àti àwọn mìíràn tí ogun lé kúrò nílé jọ síbẹ̀, ó sì di Àtá lé wọn lórí. Agbára ogun ló fi jọba. Ó fi oyè ogun jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì gbé Yemọja ga gẹ́gẹ́ bí òrìṣà ààfin. Ẹni tó sá tọ̀ ọ́ wá yóò pè é ní olùgbàlà. Ẹni tó wà ní ìlú kékeré tó di ìṣákọ́lẹ̀ fún un lè ní orúkọ mìíràn fún un. Ẹnìkan náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé Fẹ́mi ṣe é dáadáa. Nínú ojú kan ṣoṣo, ó gbé aláàbò àti apanirun pa pọ̀.

Ó wá kan Lateef Adédiméjì tó ṣe Gbọ́tìjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa agbára tí Gbọ́tìjà ní lórí igi, bí igi ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ò wo ìyẹn. Bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń wò. Ọmọ iṣẹ́ ni, ojú ọ̀gá ló sì ń wò kó tó mí. Lateef jẹ́ kí ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ dàpọ̀ lójú rẹ̀, títí tí a kò fi mọ èwo ló ṣáájú. Nígbà tó yá, a rí i pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí ọ̀gá kò fẹ́ kó mọ̀: bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe ń ronú.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi á rántí Ògèdèǹgbé ti Iléṣà. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú un lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, Ìbàdàn náà ló sì ti rí bí wọ́n ṣe ń tò ogun. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn ló fi dojú kọ wọ́n lẹ́yìn náà, nígbà tó di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Nítorí náà, kò sí àbùmọ́ nínú ọmọ iṣẹ́ tó padà di alátakò ọ̀gá. Bí ìtàn ilẹ̀ wa ṣe lọ gan-an nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀gá tó ń bẹ̀rù àwọn akọni tirẹ̀. Ẹ rántí Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin ní ọdún 1964. Dúró Ládiípọ̀ ló ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, sì ṣe Ọya. Kí ló ba Ṣàngó jẹ́ níbẹ̀? Tìmì àti Gbọ́ńkáà, àwọn akọni rẹ̀ méjì, ti lágbára jù, ó sì mú ọ̀kan kọ lu èkejì kó lè sinmi. Kò sinmi. Ogundìjì gba ọ̀nà kan náà. Ibrahim Yékínì, ẹni tí ẹ mọ̀ sí Ìtẹ́lẹ̀, ló ṣe Gbógunmì, akọni kan ní ibùdó náà. Bí mo ṣe ń wò ó, Gbọ́ńkáà ló ń wá sí mi lọ́kàn: ọkùnrin tí ara rẹ̀ le bí irin, tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ wà. Ìtẹ́lẹ̀ kò sọ̀rọ̀ tó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ akọni tí wọ́n ń lò bí ohun èlò hàn lára rẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi àwọn obìnrin sẹ́yìn. Fathia Balógun ṣe Ẹ̀rínfúntọ́, ìyàwó Ogundìjì. Bùkúnmi Olúwaṣínà ṣe Kìtán. Ẹ wo orúkọ ọmọ náà ní kíkún: Ìròyìnogunkìtán. Kí bàbá fi irú orúkọ yìí sọ ọmọ, ẹ ti mọ irú ilé tí wọ́n bí i sí. Ní ibùdó Kírìjì, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ogun pẹ́ débi pé àwọn ènìyàn kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ àlàáfíà, ìró ìbọn ló fi ń sùn. Bùkúnmi ṣe Kìtán bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹnìkan lè máa gbọ́. Fathia ní tirẹ̀ rán mi létí Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá, tó ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà nínú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Òun náà jẹ́ ká mọ̀ pé obìnrin ilé ológun kì í ṣe aláìmọ̀kan, ó mọ iye tí ogun ń mú wọlé.

Mo ní ẹjọ́ méjì tí mo fẹ́ ro o. Ọ̀kan ni ti èdè. Gbogbo wọn ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ibùdó ń gbà sọ̀rọ̀. Ogun Èkìtì Parapọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀ṣà, ará Àkókó àti ará Ìgbómìnà ló pàdé níbẹ̀. Ẹni tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, ló ń jẹun pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ tán. Ká ní wọ́n fún ọmọ ogun méjì tàbí mẹ́ta láyè kí wọ́n sọ ẹ̀ka èdè wọn, àá mọ̀ pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ wá. Ọmọ ogun tí ohùn rẹ̀ ní ìlú, tí ó bá kú, ìlú kan ló pàdánù rẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ kò níbi tó ti wá, iye lásán ni.

Èkejì ló dùn mí jù. A rí àwọn tó ń ṣẹ́gun dáadáa, a kò rí àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun tó. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun ni ìtàn wa sì pọ̀ sí ní Èkìtì. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló ń jókòó sí ìlú wa, tó ń jẹ, tó ń gbà. Ní ọdún 1878, nígbà tí Fábùnmi pa Oyèpẹ̀tún, ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ohun tí ojú àwọn ènìyàn ti rí fún ọ̀pọ̀ ọdún ló dé góńgó. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó tó tú pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òògùn ló yí ọwọ́ ogun náà padà. Ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá wọn rà ni. Nínú fíìmù, idà àti ọfọ̀ ló gba iwájú, ó sì lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá rò pé ọfọ̀ nìkan ni ogun, kò ní í béèrè ẹni tó ta ìbọn, tàbí ẹni tí wọ́n tà láti fi ra ìbọn.

Ta ló wá ṣeré jù? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká dé Ìrè-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Ayédé. Gbogbo yín mọ ìtàn Ògún níbẹ̀. Ó ti ojú ogun dé, ó bá àwọn ènìyàn níbi àjọ tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Agbè ẹmu tó gbé sókè, òfìfo ni. Ó bínú, ó fa idà yọ, ó ń bẹ́ wọn lórí. Ìgbà tó yá ló mọ̀ pé ará ilé òun ni, ó sì wọlẹ̀ lọ. Mi ò mọ ìtàn ogun kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ni jagunjagun kò gbọ́ yé. Ó ti mọ́ ọn lára kí àwọn ènìyàn máa pariwo fún un.

Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn àwọn òṣèré wọ̀nyí nìyẹn: ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́? Fẹ́mi Adébáyọ̀ ni mo fi ṣe èkejì, nítorí pé Ogundìjì rẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò lè fara da kí ẹnikẹ́ni dákẹ́ níwájú òun. Lateef Adédiméjì ni mo fún ní ipò kìíní. Gbọ́tìjà dákẹ́, ó wò, ó rántí àwọn tó kú, a sì mọ̀ pé kò gbàgbé ìkankan nínú wọn. Bùkúnmi ló ṣe ẹ̀kẹta, Ìtẹ́lẹ̀ sì súnmọ́ ọn gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá gbà, àyè wà fún yín láti bá mi jiyàn, ẹ ti mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ tún fíìmù náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ má wo àwọn tó gbé idà. Ẹ wo àwọn tó ń sá lọ lẹ́yìn wọn, kí ẹ sì bi àgbà kan nílé yín pé òkè wo ni àwọn baba ńlá yín sá gùn nígbà ogun. Ẹ bá mi kọ ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́.