Oyè alápapọ̀ nínú ìṣàkóso òwò àti iṣẹ́ ìròyìn

Oyè alápapọ̀ nínú ìṣàkóso òwò àti iṣẹ́ ìròyìn ni oyè yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń darí òwò pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fíìmù, ìpolówó ọjà àti ìgbéròyìnjáde orí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ méjèèjì máa ń hàn lára ìwé-ẹ̀rí náà. Ní Nàìjíríà, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò wà lọ́tọ̀, ti ìròyìn wà lọ́tọ̀, fákọ́tì wọn sì lè yàtọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ méjèèjì ní Èkó ló sábà máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí sọ̀rọ̀ lórí bí ìsopọ̀ náà ṣe ń rí fún ẹni tó ń gbé ní Gbàgádà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, àti lórí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Gbàgádà àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó yí i ká

Gbàgádà súnmọ́ Òwòròǹṣòkí, níbi tí afárá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Third Mainland Bridge ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ré kọjá ọ̀sà lọ sí Erékùṣù Èkó. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìfàkọ̀ àti Bàrígà láti Gbàgádà yóò dé Akọkà, níbi tí Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà. Yábàá kò jìnnà sí ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni Yabatech wà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni ọmọ Gbàgádà lè máa lọ láti ilé òbí rẹ̀.

Yunifásítì Pan-Atlantic, tí ètò rẹ̀ wà nínú àwọn tó súnmọ́ oyè alápapọ̀ jù lọ ní Èkó, wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Gbàgádà ní láti gun afárá, kọjá Erékùṣù, kí ó sì tẹ̀lé òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe ìrìn àlọ-àbọ̀ ojoojúmọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ náà tún jẹ́ ìdènà mìíràn: yunifásítì aládàáni ni, nígbà tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kà fún oyè àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣiríṣi owó mìíràn wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ san. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ oyè alápapọ̀ ti ń parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí òwò àti ìròyìn ṣe pàdé ní Èkó

Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà èrè, nítorí pé iṣẹ́ míṣọ́n ló bí i. Àwọn tó tẹ̀lé e ní Èkó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Owó ọjà ló ń gbé wọn ró, owó ọjà ló sì ń pa wọ́n.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni ìwé ìròyìn Punch. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ló dá a sílẹ̀ ní 1971: James Aboderin, tó jẹ́ oníṣirò owó, àti Sam Amuka, tó jẹ́ akọ̀ròyìn àti olóòtú ní Daily Times. Sunday Punch jáde ní 1973, ti ojoojúmọ́ sì tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 1976. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gba oyè alápapọ̀. Ènìyàn méjì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí Amuka fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dá Vanguard sílẹ̀ ní àárín 1983 sí 1984, ìwé ìròyìn méjèèjì ṣì wà lórí igbá títí di òní.

Ìtàn Aláròyé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Músá Àlàó Adédayọ̀ gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ọdún 1985, tí ìwé ìròyìn náà ń jáde tí ó sì ń dákẹ́, kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1996. Èdè tó fi ń kọ ọ́ kò yí padà láàárín ìgbà náà, Yorùbá kan náà ni.

Òdìkejì rẹ̀ ni NEXT. Dele Olojede, tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2005 fún ìròyìn tó kọ lórí Rùwáńdà, ló dá a sílẹ̀ ní Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìwé ní 2009, ìwádìí rẹ̀ jinlẹ̀, ìrísí rẹ̀ dára, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ló sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní 2011, owó tán, ó kógbá sílé. Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn lè fi ẹyọ iṣẹ́ kan nínú rẹ̀ kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ìwádìí. Àwọn tó ń kọ́ni ní òwò lè fi gbogbo rẹ̀ kọ́ni bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣubú. Yàrá ẹ̀kọ́ tí a ti lè fi í kọ́ni ní nǹkan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni kò pọ̀.

Ní ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, òfin kejìdínlógójì ọdún 1992, tó dá àjọ NBC sílẹ̀, ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn aládàáni. Raypower ti Raymond Dokpesi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ní 1994, ẹni tó sì dá a sílẹ̀ ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi ni. Ní ọdún 1992 kan náà, Kenneth Nnebue, tó jẹ́ oníṣòwò ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò, gbé fíìmù Living in Bondage jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood ti òde òní. Ó ti fi owó sí fíìmù fídíò Yorùbá ṣáájú èyí. Ní 2006, Uche Pedro bẹ̀rẹ̀ BellaNaija lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣàkóso òwò ló kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Ivey ti Yunifásítì Western ní Kánádà.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà dá lé

Ìwé ìròyìn ní oníbàárà méjì. Èkíní ni òǹkàwé tó fi owó ra ẹ̀dà kan, èkejì ni ilé-iṣẹ́ tó sanwó kí òǹkàwé yẹn lè rí ìpolówó rẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún rédíò, àyàfi pé olùgbọ́ kì í san kọ́bọ̀: etí rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún olùpolówó. Ẹni tó kọ́ ìṣàkóso òwò nìkan mọ bí a ṣe ń ṣírò èrè lórí ọjà tí ẹnìkan ń rà. Ẹni tó kọ́ ìròyìn nìkan mọ bí a ṣe ń kọ ohun tí ènìyàn yóò fẹ́ kà. Ṣùgbọ́n bí olùpolówó tó ń sanwó jù bá di ẹni tí ìròyìn burúkú kàn, ta ni yóò pinnu, kí ni yóò sì fi pinnu? Irú ìbéèrè yìí ni oyè alápapọ̀ wà fún ní pàtàkì.

Ìṣirò tó so mọ́ ọn kì í ṣe kékeré. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ bébà ti Òkú Ìbokú, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom báyìí, ti dá iṣẹ́ dúró tipẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ìpinnu ètò owó náà wọ yàrá àwọn olóòtú lọ tààrà. Fẹ́ńdọ̀ náà tún wà níbẹ̀: òun ló ń gba ẹ̀dà láàárọ̀ kùtùkùtù, tó ń dá èyí tí kò tà padà. Àwọn tó máa ń dúró yí tábìlì rẹ̀ ká láti ka àkọlé, kí wọ́n jiyàn òṣèlú, kí wọ́n sì lọ láì ra nǹkan kan, òǹkàwé ni wọ́n lójú olóòtú, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ìwé oníṣirò owó.

Ìpinnu ní ilé-ẹ̀kọ́ girama

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè mọ̀ ni pé ìpinnu lórí òwò àti ìròyìn kì í dúró de yunifásítì. Ìgbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama àgbà, ìyẹn SS1, tí ó sì wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìndínlógún, ni ilé-ẹ̀kọ́ máa ń pín wọn sí Sáyẹ́ǹsì, Art àti Commercial. Ọmọ Commercial ń kọ́ Ìṣirò Owó, Ìmọ̀ Òwò àti Ètò Ọrọ̀-ajé, ó sì lè má kọ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ọmọ Art ń kọ́ Lítíréṣọ̀ àti Ìmọ̀ Ìjọba, Ètò Ọrọ̀-ajé sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò a máa béèrè àmì tó yanrantí nínú Ìṣirò àti Ètò Ọrọ̀-ajé nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìròyìn a sì máa béèrè Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdánwò JAMB, iṣẹ́ mẹ́rin péré ni olùdíje ń ṣe, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀kan tí kò ṣeé yẹ̀. Ìṣàkóso òwò fẹ́ Ìṣirò, Ètò Ọrọ̀-ajé àti ẹ̀kọ́ kan sí i. Ẹ̀ka ìròyìn sábà máa ń fẹ́ mẹ́ta láti inú Art tàbí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ẹni tó yan Ìṣirò nítorí òwò lè rí i pé kò bá ti ìròyìn mu ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ló ń sọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò ó kí ó tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ọmọ tó bá kọ́ Lítíréṣọ̀, Ètò Ọrọ̀-ajé àti Ìṣirò pọ̀ títí dé WAEC ni ilẹ̀kùn méjèèjì ṣì ṣí sílẹ̀ fún, ilé-ẹ̀kọ́ tó sì gbà kí ọmọ kan kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe é lóore ju bí ó ti mọ̀ lọ.

Ohun tó wà ní yunifásítì

Ní Yunifásítì Èkó, ẹ̀kọ́ òwò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì náà, ẹ̀kọ́ ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Akẹ́kọ̀ọ́ a wọlé sí ọ̀kan, a sì fi ẹ̀kọ́ àṣàyàn mú díẹ̀ nínú èkejì níbi tí ètò bá ti gbà á. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò tún lè ka ìṣàkóso òwò láti ọ̀nà jíjìn lábẹ́ ẹ̀ka tí yunifásítì náà dá sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1974.

Pan-Atlantic gba ọ̀nà mìíràn. Lagos Business School, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ló bí i. Ó di yunifásítì ní 2002 lábẹ́ orúkọ Pan-African, ó sì yí orúkọ padà ní 2013. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ń kà fún oyè àkọ́kọ́ ní 2014. Oyè wọn kan so ìmọ̀ nípa ìtọ́jú àti ìlò àlàyé mọ́ iṣẹ́ ìròyìn, èyí tó wà ní bèbè òwò bí kò tilẹ̀ gbé orúkọ òwò.

Ní nǹkan bí 2020, àjọ NUC tó ń bójú tó yunifásítì pín ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ gbogboògbò sí méje, tí ìpolówó ọjà, fíìmù, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwùjọ fi di oyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ìṣàkóso òwò ìròyìn nínú méjèèje, ó sì jọni lójú pé wọ́n fò ó. Síbẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti 2023 fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá fẹ́ kún un, ó sì sọ ẹ̀kọ́ dídá òwò sílẹ̀, ENT 211 àti ENT 312, di dandan. Ìdá 30 yẹn ni àyè tí ẹ̀ka ìròyìn lè fi kọ́ni ní ìṣirò owó láì dúró de Àbújá.

Ní òkè òkun àti lẹ́yìn oyè

Ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín orúkọ méjèèjì ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ «òwò àti ìròyìn», ìdajì-ìdajì ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ «òwò pẹ̀lú ìròyìn», ti àkọ́kọ́ ló gba ìpín tó pọ̀ jù. Ọdún mẹ́ta ni ní Ẹngilandi, mẹ́rin ní Skọtilandi. Àwọn mìíràn a kọ́kọ́ gba oyè kan ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó lọ fi oyè kejì kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ ìròyìn, irú èyí tí Yunifásítì Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ni.

Ẹni tó bá padà sí Èkó tàbí tó kàwé jáde níbẹ̀ ṣì ní òfin iṣẹ́ láti bá pàdé. Ìpolówó ọjà ní àjọ tirẹ̀, ARCON, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON ti 1988, tí ó sì béèrè pé kí olùpolówó forúkọ sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwùjọ ní NIPR, tó wà láti 1963, tí òfin sì fún ní agbára ní 1990. Àwọn oníṣirò owó ní ICAN. Àjọ kọ̀ọ̀kan ní ìdánwò àti owó ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní oyè alápapọ̀ lè máa san owó ẹgbẹ́ sí ibi méjì.