Ọ̀ṣàlá Nínú Ẹ̀wọ̀n Ọ̀yọ́ àti Dìkírì 20 ti Ọdún 1984



Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló mọ ìtàn ìrìn-àjò Ọ̀ṣàlá sí Ọ̀yọ́. Ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó, ó dá Ifá, Ifá ní kí ó má lọ. Nígbà tí ó taku, Ifá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ráhùn, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ rí lọ́nà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó sì mú un láti dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ ọba bá a níbẹ̀, wọ́n pè é lólè, wọ́n lù ú, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún méje ni arúgbó náà lò níbẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àwọn obìnrin kò rí ọmọ bí. Nígbà tí Ṣàngó dá Ifá, Ifá ní aláìṣẹ̀ kan wà nínú túbú rẹ̀. Wọ́n mú Ọ̀ṣàlá jáde, wọ́n pọn omi, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́. Títí di òní, àwọn ọmọ òrìṣà ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíl, ń pọn omi Ọ̀ṣàlá lọ́dọọdún ní ìrántí rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà tọ́ka sí. Ọ̀yọ́ rí àṣìṣe rẹ̀ tún ṣe nítorí pé ẹ̀wọ̀n ni ó fi Ọ̀ṣàlá sí. Ká ní wọ́n ti pa á ni, ta ni wọn ì bá pọn omi fún?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn baba wa kò mọ ìdájọ́ ikú. Àwọn Tẹ̀tù ni apani ọba ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, inú ìlédì Ògbóni ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìtàjẹ̀sílẹ̀, nítorí èèwọ̀ Ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló sọ pé a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ìjọba ológun ṣe Dìkírì 47 ti ọdún 1970, tó sọ pé pípa ni kí wọ́n máa pa adigunjalè. Ní ọdún 1971, èrò ń wọ́ lọ sí etíkun Bar Beach ní Èkó láti wo bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa wọ́n. Ìdigunjalè kò torí èyí kásẹ̀ nílẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gba ìjọba. Ìjọba rẹ̀ gbé apá kan ìwé òfin ọdún 1979 tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó di ọdún 1984, ó gbé Dìkírì 20 jáde, èyí tó fi ikú kún ìjìyà oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ̀, òwò oògùn olóró sì wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ pàtàkì ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé òfin náà padà sẹ́yìn lọ mú ẹni tó ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí òfin kò tíì sọ pé ikú ni ẹ̀san rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abala 33(8) ìwé òfin ọdún 1979 ti kà á léèwọ̀ pé kí a fi ìyà tó ju ti ọjọ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ jẹ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà gan-an, àwọn ológun mìíràn gba ìjọba lọ́wọ́ Buhari. Ní ọdún 1986, wọ́n yọ ikú kúrò nínú ìjìyà oògùn olóró, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò rẹ̀. Ìjọba yí padà, òfin yí padà. Àwọn mẹ́ta tó ti wọlẹ̀ kò padà wá.

Ní ọdún 1998, nínú ẹjọ́ Onuoha Kalu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ìdájọ́ ikú kò tako ìwé òfin, níwọ̀n ìgbà tí ilé ẹjọ́ bá ti dá ọ̀daràn lẹ́bi. Abala 36(8) ìwé òfin ọdún 1999 sì tún èèwọ̀ àtijọ́ náà sọ: ìyà kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i pé kí ikú tún rọ́pò ẹ̀wọ̀n gbére fún àwọn oníṣòwò oògùn olóró.

A kò sọ pé oògùn olóró kéré ní ibi. Ó ti ba ọmọ jẹ́, ó ti tú ilé ká, ìbínú ará ìlú sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìbínú ni ó bí Dìkírì 20, kò sì pé ọdún mẹ́ta tí àwọn tó wà nípò fúnra wọn fi pa á tì. Ohun tí ìwé òfin gbà láàyè lè má bọ́gbọ́n mu. Kí aṣòfin tó fi ikú kún ìjìyà, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ó dá a lójú pé kò sí Ọ̀ṣàlá kankan nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ṣàngó pàápàá, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ọdún méje ni ó fi gbàgbọ́ pé olè ni.

Kí Ẹlẹ́rìí Ìpín má jẹ́ kí a ṣìwà hù. Àṣẹ.